Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kisumu, níbo la ti ń jẹun gidi létí adágún Victoria?

Àkànkẹ́_Ọ̀ṣun:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Kisumu, ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, ní oṣù Kẹfà, màá sì lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni hòtẹ́ẹ̀lì máa fún wa, ọ̀sán àti alẹ́ wà lọ́wọ́ oníkálukú. Mo ti wo ohun tí àwọn arìnrìn-àjò kọ nípa ìlú náà, pízà àti bọ́gà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò lè torí pízà lọ sí etí adágún tó tóbi jù nílẹ̀ Áfíríkà.

Ohun tí mo ń wá ni ibi tí ọmọ ìlú fúnra rẹ̀ ti ń jẹun, àti ohun tó ń jẹ níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹja, mo fẹ́ràn ọbẹ̀ ewé ju ẹran lọ. Mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó bá ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ará_Kẹ́ńyà:
Ẹ káàbọ̀ o, Àkànkẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Nairobi, iṣẹ́ sì máa ń gbé mi lọ sí Kisumu dáadáa. Dunga ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ó wà ní ìhà gúúsù ìlú, kò jìnnà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá pọ̀ níbẹ̀ bíi tiwa, tuk-tuk ni wọ́n ń pè é. Ojú ọ̀nà Dunga náà lẹ máa bá ọgbà ẹranko Impala.

Kí ẹ má rò pé ilé oúnjẹ kan ló ń jẹ́ Dunga o. Èbúté apẹja ni. Láàárọ̀, ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀, àwọn obìnrin ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú abọ́, wọ́n ń ná ẹja, àwọn mìíràn ti gbé òróró kaná. Àwọn búkà wà létí omi níbẹ̀. Ẹja tẹ́ ẹ bá nawọ́ sí ni wọ́n máa sè fún yín.

Wọ́n á bi yín bóyá "dry fry" lẹ fẹ́ tàbí "wet fry". Báyìí gan-an ni wọ́n ń pè é, kódà ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó mọ̀ ọ́n. Èkínní, wọ́n á dín ẹja náà nínú òróró gbígbóná títí ara rẹ̀ á fi gan. Èkejì, lẹ́yìn dídín, wọ́n á tún fi sínú ọbẹ̀ tòmátì àti àlùbọ́sà títí omi ọbẹ̀ á fi wọ inú ẹran ara rẹ̀. Èmi gba èkejì nímọ̀ràn fún ọmọ Yorùbá, torí òkèlè ò lè bá ẹja gbígbẹ lọ láìsí ọbẹ̀. Òdindi ẹja ni wọ́n ń gbé wá, torí-tìrù. Bí ẹja bá ṣe tóbi tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Òkèlè wọn ni ugali. Àwọn Luo tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń pè é ní kuon. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni, wọ́n ń rò ó le ju túwó tiwa lọ. Bí ẹ bá rí èyí tó pọ́n díẹ̀, ọkà bàbà àti gbágùúdá ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹ gba ìyẹn. Ó lóòórùn ọkà gidi, ó sì máa ń dá inú dúró.

Ẹ tún gbọ́ èyí: bí ẹ bá ka ibì kankan tí wọ́n ní kí ẹ lọ jẹ ẹja ní Lwang'ni, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Àwọn búkà onípáànù tó tò létí omi nítòsí èbúté inú ìlú nìyẹn. Wọ́n wó wọn ní nǹkan bí 2019, nígbà tí wọ́n ń tún èbúté Kisumu ṣe. Ó dùn mí títí dòní. Ọ̀pọ̀ àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹja adágún yẹn, ọ̀pọ̀ obìnrin sì ni ibẹ̀ ń bọ́ ọmọ wọn.

Ọmọ_Ayétòrò:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹja kún un, torí ọmọ apẹja ni mí, ilẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n ti bí mi.

Má jẹ́ kí etí omi tàn ẹ́ jẹ, àǹtí mi. Wíwà létí omi kọ́ ló ń jẹ́ kí ẹja tutù. Ìdá mẹ́fà péré nínú ọgọ́rùn-ún adágún Victoria ló jẹ́ ti Kẹ́ńyà, Tanzania àti Uganda ló pín ìyókù. Ẹja tí wọ́n ń rí pa ti dín kù, ẹnu tó ń jẹ ẹ́ sì ń pọ̀ sí i. Ẹja dídì láti Ṣáínà ti wọ ọjà wọn tipẹ́, títí kan Kisumu. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ń sin ẹja nínú àgò onínẹ́ẹ̀tì lójú adágún. Ẹja inú àgò ò burú o, ó máa ń sanra dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tó ń wá oúnjẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ibú, ẹran ara rẹ̀ máa ń ki ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Torí náà, kí wọ́n tó gbé e sínú òróró, sọ pé o fẹ́ rí i. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, kó má ṣe rì wọnú. Ṣí etí rẹ̀, inú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Fi ìka tẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́; bí ibi tó o tẹ̀ bá kotò tí kò padà, fi sílẹ̀. Gbóòórùn rẹ̀. Kò sí olóúnjẹ gidi tó máa bínú sí ẹni tó bá yẹ ẹja wò. Àárọ̀ sí ọ̀sán ni kó o lọ, má dúró dìgbà tó bá di alẹ́.

Tísà_Báyọ́lójì:
Mo kí gbogbo yín. Ó yẹ kí àlejò mọ ohun tó ń jẹ. Ẹja méjì lẹ máa gbọ́ orúkọ wọn jù ní Kisumu: ngege àti mbuta. Ngege jẹ́ ẹbí ẹ̀pìyà tiwa. Mbuta ni ẹja ńlá inú odò Náílì, èyí tó lè ga tó èèyàn. Kì í ṣe ọmọ adágún yẹn. Láàárín àwọn ọdún 1950 sí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n kó o síbẹ̀, kí àwọn apẹja lè máa pa ẹja ńlá. Ó gbèrú níbẹ̀, ó sì jẹ àìmọye irú ẹja kéékèèké tí kò sí níbòmíràn láyé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sí mọ́. Ngege àtayébáyé gan-an ti wọ́n. Ẹ̀pìyà Náílì, tí wọ́n kó wá nígbà kan náà, ló gba ipò rẹ̀, òun sì ni wọ́n máa gbé fún yín nígbà tẹ́ ẹ bá béèrè ngege.

Èrò tèmi ni pé mbuta ló yẹ kí àlejò máa jẹ. Ó pọ̀, eegun rẹ̀ ò kéré débi tó lè há sọ́fun, ẹran ara rẹ̀ sì nípọn.

Ará_Kẹ́ńyà:
Tísà, mo gbọ́ yín lórí ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí adùn. Ẹ bi Luo èyíkéyìí pé kí ló máa sè fún àna rẹ̀. Ngege ni. Ọ̀rá mbuta ti pọ̀ jù, ẹran ara rẹ̀ máa ń fọ́ nínú ọbẹ̀, kò sì ní ìtọ́wò kan tó dá yàtọ̀. Ngege a máa dùn títí kan awọ rẹ̀.

Ọmọ_Ayétòrò:
Orí mbuta ni kí ẹ lọ jẹ, ẹ fi ẹran ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Nínú orí yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ̀, ó kún. Bí wọ́n bá sè é pẹ̀lú tòmátì tí iná ò pọ̀ jù, ọ̀rá inú rẹ̀ á yọ́ sínú ọbẹ̀, ugali á sì rí nǹkan fà.

Olóúnjẹ_Òpópónà:
Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ orí mbuta, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ká mi lára.

Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń ra mbuta. Wọ́n á gé ẹran ẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á dì í nínú yìnyín, ó di Yúróòpù. Ohun tó ṣẹ́ kù ni orí, eegun ẹ̀yìn àti ìrù. Mgongo wazi ni wọ́n ń pe ìyẹn ní Swahili. Àwọn obìnrin àdúgbò Obunga ní Kisumu ló ń kó o, wọ́n á sá a sóòrùn díẹ̀, wọ́n á dín in nínú agbada ńlá létí ọ̀nà, wọ́n á sì tà á fún ẹni tí owó rẹ̀ ò ká òdindi ẹja. Ẹja jáde nínú omi wọn, ẹlòmíràn gbé ẹran lọ, àwọn obìnrin yìí sì ń wá oúnjẹ jáde lára eegun. Inú èéfín yẹn ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní oúnjẹ tálákà ni, kí àlejò má jẹ ẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹran pọ̀ lára orí náà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ọrùn. Ẹ ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú òróró, tó ṣì ń hó. Ẹ fọwọ́ ya á. Ẹ bá ẹni tó dín in sọ̀rọ̀. Bí àlejò bá lè sanwó gọbọi nílé oúnjẹ tó kọjú sí omi, ó yẹ kí díẹ̀ nínú owó yẹn dé Obunga náà.

Ewé_Ìbílẹ̀:
Àkànkẹ́, o sọ pé o fẹ́ràn ọbẹ̀ ewé. Ibi tí wàá ti jẹ̀gbádùn gan-an nìyí. Ìwádìí ewébẹ̀ ni iṣẹ́ mi, mo sì fi tọkàntọkàn sọ fún ọ pé oúnjẹ àwọn Luo ni mo tíì rí tó sún mọ́ ti ilé wa jù lórí ọ̀rọ̀ ewé.

Apoth tí wọ́n ń jẹ, ewédú ni. Ewé kan náà gan-an ni. Àwọn Luhya tó bá wọn pààlà ń pè é ní mrenda. Dek ni ẹ̀kúyá. Osuga ni ọ̀dú. Ododo ni tẹ̀tẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní bo, ewé ẹ̀wà ni, èyí tí àwa ní púpọ̀ nínú oko tí a kì í sábà jẹ. Nígbà tí mo rí apoth nínú ìkòkò wọn, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi ohun tó jẹ́, yíyọ̀ rẹ̀ ti sọ fún mi.

Sísè rẹ̀ ló yàtọ̀. Wọn kì í fi ìjábẹ̀ ja á. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ ewé mìíràn, pàápàá bo, kí ó má bàa yọ̀ jù, wọ́n á sì fi magadi díẹ̀ sí i. Bí àwa ṣe ń lo káún ni wọ́n ń lo magadi, inú adágún Magadi ní gúúsù Kẹ́ńyà ni wọ́n ti ń wà á. Ní ti dek àti osuga, wàrà ni wọ́n ń lò. Wọ́n á bọ ewé náà, wọ́n á da wàrà lé e, wọ́n á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á tún gbé e kaná. Ìkorò rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ewé á wá rọ̀ mọ́ wàrà náà. Ọbẹ̀ wọn tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Ó wù mí kí àwọn olóúnjẹ ilé wa dán an wò pẹ̀lú ẹ̀kúyá, torí ẹ̀kúyá ń parẹ́ lọ́jà wa lójú gbogbo wa.

Bí o bá dákẹ́, sukuma wiki ni wọ́n máa gbé fún ọ lójoojúmọ́. Ewé líle kan báyìí ni, ó pọ̀, kò wọ́n, gbogbo búkà ló ní in. Sọ pé "mboga za kienyeji" lo fẹ́. Wọ́n á mọ̀ pé ewé ìbílẹ̀ lo ń bèèrè. Lọ ní ọ̀sán, torí ìkòkò wọn kì í tóbi, ó sì máa ń tán. Àwọn búkà kéékèèké tó yí ọjà Jubilee ká nínú ìlú ni kí o ti kọ́kọ́ bèèrè, níbi tí ẹni tó ń sè é ti ń rí ewé tútù rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àkànkẹ́_Ọ̀ṣun:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á bù kún yín. Ewédú ní Kisumu! Mo ti kọ mboga za kienyeji sílẹ̀.

Ìbéèrè mi tó kù: báwo ni ti ata? Ṣé oúnjẹ wọn ń ta lẹ́nu? Ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń lọ jẹ́ Mùsùlùmí, ó sì fẹ́ mọ ibi tí ẹran halal wà. Ẹnì kejì kì í jẹ ẹran tàbí ẹja rárá.

Ará_Kẹ́ńyà:
Ata ò sí níbẹ̀, ẹ má tan ara yín. Iyọ̀, tòmátì, àlùbọ́sà, ó parí. Pilipili, ìyẹn ata tiwọn, wà, ẹ̀gbẹ́ abọ́ ni wọ́n máa ń gbé e sí fún ẹni tó bá bèèrè. Kachumbari náà wà, tòmátì àti àlùbọ́sà tútù tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n sì lè gé ata sí i bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ata gígún tiyín dání. Èmi ò lè kúrò nílé láìní i nínú àpò. Ẹ má retí epo pupa, òróró ni wọ́n fi ń se gbogbo nǹkan.

Alhaja_Ìsàlẹ̀_Ẹ̀kọ́:
Ọmọ mi Àkànkẹ́, sọ fún ẹni yẹn kó fọkàn balẹ̀. Mùsùlùmí wà ní Kisumu tipẹ́. Kó lọ sí àdúgbò mọ́ṣáláṣí Jamia láàárín ìlú, pàápàá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Á rí pilau, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n fi èròjà olóòórùn dídùn sè pọ̀ mọ́ ẹran, á sì rí biriyani. Oúnjẹ àwọn ará etíkun Swahili ni wọ́n gbé wọ ibẹ̀. Àwọn ará Sòmálíà náà ń ta oúnjẹ nínú ìlú. Kó bèèrè kó tó jókòó, ìyẹn ò ní kó má bèèrè.

Ẹni tí kì í jẹ ẹran, ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ni kó lọ. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń la ojú irin wá láti Mombasa, àwọn òṣìṣẹ́ Íńdíà ló ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Ojú irin yẹn dé etí adágún ní 1901, Port Florence ni wọ́n sì ń pe Kisumu nígbà náà. Àwọn oníṣòwò tó tẹ̀ lé e wá dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò jẹ ẹran rárá, torí náà wọ́n mọ ẹ̀wà, ẹ̀gúsí ni wọn ò mọ̀. Chapati àti samosa tiẹ̀ ti di oúnjẹ gbogbo Kẹ́ńyà. Kò sí búkà Luo tí o ò ní rí chapati, kó fi jẹ ẹ̀wà, á yó.

Láàárọ̀ náà, bí búrẹ́dì hòtẹ́ẹ̀lì bá sú yín, ẹ jáde lọ mu nyuka. Ògì wọn ni, ọkà bàbà tàbí ọkà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó máa ń kan bíi tiwa. Ẹ fi mandazi, ìyẹn ìyẹ̀fun àlìkámà díndín, jẹ ẹ́. Nyoyo sì wà, àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, àdàlú gan-an láìsí epo.

Délé_Oníròyìn:
Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ ohun kan, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo jókòó nílé oúnjẹ kan tó kọjú sí adágún, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé ẹja wá, mi ò bèèrè iye. Ẹja tí wọ́n gbé wá ò tóbi, owó tí wọ́n kọ sí ìwé sì jẹ́ ti ẹja tó tóbi jù nínú àwo wọn. Mo pè é sí wọn létí, wọ́n ní bí ẹja ṣe rí kó tó wọ òróró ni wọ́n fi ṣírò. Mo san án, mo bínú lọ.

Ibi tí wọ́n bá ti kó ẹja sínú àpótí onígíláàsì, nawọ́ sí èyí tó o fẹ́, bèèrè iye òun gan-an, kí wọ́n tó gbé e. Bèèrè bóyá owó ugali àti ewé wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí irú nǹkan báyẹn máa ṣẹlẹ̀ sí àlejò, ó máa ń ba orúkọ gbogbo èèyàn dáadáa tó wà létí omi yẹn jẹ́.

Ará_Kẹ́ńyà:
Òótọ́ lẹ sọ, Délé, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí n fi ti owó sísan kún un. M-Pesa, ìyẹn owó orí fóònù, ni gbogbo Kẹ́ńyà fi ń sanwó, láti 2007 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ìyá tó ń dín ẹja létí ọ̀nà ní nọ́ńbà rẹ̀ lára igi búkà. Ẹ fi ìwé ìrìnnà yín gba síìmù ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ fi owó sí i, ẹ máa fi ṣe gbogbo nǹkan. Ó dára pẹ̀lú kí owó wẹ́wẹ́ wà lápò fún kẹ̀kẹ́.

Ọwọ́ la fi ń jẹun. Wọ́n á gbé omi wá fún yín ní ìdí tábìlì, tàbí kí ẹ rí ẹ̀rọ omi àti ọṣẹ lẹ́bàá ògiri. Ẹ fi ọwọ́ bu ugali, ẹ rún un, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín, ẹ fi bu ọbẹ̀. Bí ẹ bá bèèrè fọ́ọ̀kì fún ẹja wọ́n á fún yín, ṣùgbọ́n eegun ngege pọ̀, ọwọ́ nìkan ló mọ ibi tí ó wà.

Ọ̀dọ́_Ìjẹ̀bú:
Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ nyama choma. Ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n yan lórí ẹ̀yinná, iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi sí i. Kílò ni wọ́n fi ń tà á, ẹ máa yan ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lára rẹ̀ lọ́wọ́ alápatà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń pẹ́ o. Wákàtí kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má débẹ̀ pẹ̀lú ebi, ẹ fi fóònù pè wọ́n ṣáájú kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹran rẹ̀ máa ń le díẹ̀ lẹ́nu, bí ewúrẹ́ tó rìn dáadáa ṣe ń rí. Sùyà ò jọ ọ́ rárá, ẹ má fi wé e.

Tísà_Báyọ́lójì:
Nǹkan méjì nípa alẹ́. Oòrùn máa ń wọ̀ láàárín aago mẹ́fà àbọ̀ sí aago méje lójoojúmọ́ ayé, torí ìlà tó pín ayé sí méjì ò jìnnà síbẹ̀. Ojú adágún máa ń rẹwà gan-an ní wákàtí yẹn, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn kí wọ́n wà ní Dunga tàbí Hippo Point. Erinmi wà nínú omi yẹn ní tòótọ́. Ní alẹ́ ni wọ́n máa ń gòkè wá jẹ koríko. Ẹ má ṣe rìn létí omi nínú òkùnkùn, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ láti ẹnu búkà. Agbègbè adágún ni ibà ti pọ̀ jù ní Kẹ́ńyà, torí náà ẹ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ jẹun níta.

Àkànkẹ́_Ọ̀ṣun:
Mo dúpẹ́ gan-an, Tísà. Mo gbọ́ nípa ẹja wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní omena. Ṣé ó dáa? Ṣé mo lè rà á níbẹ̀ kí n máa mú un bọ̀?

Olóúnjẹ_Òpópónà:
Omena dáa púpọ̀. Ẹja fàdákà kékeré ni, kò ju ìka lọ. Lóru ni wọ́n ń pa á. Apẹja á gbé fìtílà sójú omi, ẹja á ya wá sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á fi àwọ̀n kó o. Bí ẹ bá wo adágún lóru, ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ wọn lọ títí. Orí àwọ̀n tàbí orí iyanrìn ni wọ́n ń sá a sí. Olóúnjẹ tó mọṣẹ́ á fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ léraléra kí iyanrìn àti ìkorò kúrò, á dín in, á wá fi tòmátì àti àlùbọ́sà sè é. Àwọn kan ń fi wàrà díẹ̀ parí rẹ̀. Odindi rẹ̀ lẹ máa jẹ, torí eegun rẹ̀ rọ̀.

Ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà lẹ ń lọ. Láti oṣù Kẹrin títí dé òpin oṣù Keje, ìjọba Kẹ́ńyà ń ti pípa omena pa kí ó lè bímọ. Èyí tẹ́ ẹ máa rí lọ́jà á ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ ní búkà, àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń yan èyí tó dáa. Bí ẹ bá fẹ́ rà, Kibuye ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ Àìkú, ọjà ńlá tó wà lójú ọ̀nà Kakamega. Ẹ bu u sọ́wọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ń dán tó sì gbẹ ṣákáṣáká, ẹ gba ìyẹn. Èyí tó ti pọ́n, tí ọ̀rá rẹ̀ ti ń kan, kò wúlò mọ́. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n kó sínú àpò ńlá pẹ̀lú erùpẹ̀, oúnjẹ adìẹ ni wọ́n fi ń ṣe.

Ewé_Ìbílẹ̀:
Bí o bá dé Kibuye lọ́jọ́ Àìkú, wo ẹ̀gbẹ́ àwọn aléwé. Wọ́n máa ń so dek, osuga àti apoth ní ìdì ìdì. Bá mi bèèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irúgbìn dek láti ọdún dé ọdún, torí àwọn àgbẹ̀ ọ̀dọ̀ wa tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ti ń pàdánù tiwọn.

Àkànkẹ́_Ọ̀ṣun:
Màá bèèrè, ma. Ọjọ́ àkọ́kọ́, Dunga ní ọ̀sán. Ọjọ́ kejì, apoth lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Jubilee. Obunga náà wà nínú rẹ̀, mo ti ṣèlérí fún ara mi.

Ọmọ_Ayétòrò:
Àǹtí mi, bí o bá dé Dunga, bá mi bèèrè mumi. Àrọ̀ ni. Mo fẹ́ mọ bóyá wọ́n ń yan án gbẹ lórí èéfín bíi tiwa tàbí tútù ni wọ́n ń sè é, àti irú igi tí wọ́n fi ń dáná rẹ̀. Ya fọ́tò ààrò náà bí wọ́n bá gbà fún ọ.